Ẹ Bi Bàbá Oní-Pijó: Omi ló ń pa ilé onítáyà

Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé mo fi Pijó 504 ẹlẹ́yìn gígùn fa ilé onítáyà láti Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà ò jẹ́ n sinmi mọ́. Ẹlòmíì tiẹ̀ ń bi mí pé kí ló ń jẹ́ ilé onítáyà. Ohun tí òyìnbó ń pè ní caravan ni: yàrá kótópó kan tí wọ́n kàn sórí ṣáàsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, àmọ́ kò ní ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò mìíràn ni yóò fà á. Inú ọgbà àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá tó bí mi, pákó ni tirẹ̀: ó ń kan bọ́dì sórí Bedford ní Ìsọ̀kùn níbí, àwọn bọ́lẹ̀kájà ayé ọjọ́sí. Torí náà mo mọ irin, mo mọ pákó. Ọ̀dà nìkan ni mi ò mọ̀; ìyàwó mi ló ń bá mi yan àwọ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ilé onítáyà kan tó ti wà ní ẹ̀yìnkùlé ìdílé kan láti nǹkan bí 1979. Páànù ara rẹ̀ ò lu, ó kàn dọ̀tí ni. Mo ti ra ọ̀dà funfun àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ṣé ọṣẹ ni kí n fi fọ̀ ọ́ kí n tó kùn ún, àbí kí n fi pépà oníyanrìn ha á?" (Olùkọ́, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀)

Olùkọ́, ẹ kú ìnáwó. Bí ẹni tó ta ọ̀dà yẹn bá máa gbà á padà, ẹ dá a padà fún un. Ọ̀dà kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Páànù tí ẹ rí yẹn, alumíníọ̀mù ni, kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n aṣọ lásán ni. Egungun tó gbé e ró, pákó tín-ín-rín ni. Wọ́n fi síkúrù de páànù mọ́ ọn níta, wọ́n fi hádíbọ́ọ̀dù bò ó nínú. Òjò tó bá gba ojú síkúrù kan wọlé lórí òrùlé, á rọra máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín páànù àti hádíbọ́ọ̀dù, á lọ jókòó sórí pákó ìsàlẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i. Ogójì ọdún ó lé ni tiyín ti fi wà ní ẹ̀yìnkùlé, nínú òjò Ifẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa, ẹ ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, ẹ wọlé, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ wá fa imú. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé nígbà òjò, omi ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú sukudiréfà, kí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ tẹ gbogbo igun: abẹ́ fèrèsé, igun òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, àti ibi tí pákó ilẹ̀ ti pàdé àpótí táyà. Ibi tó bá le, ẹ kọjá lọ. Ibi tí sukudiréfà bá ti wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ mọ́ínmọ́ín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù bí ṣọ́ọ̀kì bá tán.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ fi rọ́bà wọ́n omi sí i lára láti ìta, kí ẹnì kan wà nínú tó ń wò. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn bo gbogbo ojú ibi tí páànù ti pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Tèmi, ilé onítáyà Sprite tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹni tó fi ń sin adìẹ ni mo ti rà á. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo kọ́kọ́ ṣí. Pákó ìsàlẹ̀ ti lọ tán. Ìtìjú nìkan ni ògiri yẹn fi ń dúró. Mo bá ilé èèrà níbẹ̀, mo bá ìyẹ́ adìẹ, mo sì bá kọ́bọ̀ oníhò kan, èyí tí àwa tó ti ń náwó kí náírà tó dé ní 1973 mọ̀ dáadáa. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀. Aṣìṣe tí mo ṣe ni pé ojú kán mi, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà kí n tó to òsì tán. Ilé tí a bá bọ́ gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ á wọ́. Nígbà tí mo fẹ́ dá páànù padà, kò sí síkúrù tó bá ojú ihò rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi jáàkì ti igun kan, tí mo ń fi okùn fa igun kejì. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ tò tán kí ẹ tó kọjú sí ìkejì.

Ẹ má sì sọ pákó jíjẹrà nù, bó ti wù kó fọ́ tó. Ẹ tò ó sórí bébà àpò símẹ́ńtì, ẹ fi bírò ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ni àwòṣe tí káfíńtà yóò fi gé tuntun. Ní ti ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé, ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tó bò ó, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò mọ́ féfé, kí ẹ tẹ́ téèpù bútáìlì tuntun síbẹ̀, èyí tí kì í gbẹ tán, tó máa ń rọ̀ bí ìṣù ẹ̀kọ tútù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta sílíkọ́ọ̀nù fún yín. Ojú rẹ̀ máa ń dán lọ́jọ́ kìíní. Tó bá yá, á bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, gọ́ọ̀mù mìíràn kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti kàn.

Oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀dà nígbà náà.

"Bàbá, káfíńtà mi ní ìrókò ni kí a fi ṣe gbogbo rẹ̀, pé ikán ò ní lè jẹ ẹ́. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ mo ṣe tán." (Oníṣòwò, Òkèsà, Iléṣà)

Káfíńtà yín mọ pákó, kò mọ mọ́tò. Ìrókò gbígbẹ tó kún àpótí kan tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga, yóò wọn nǹkan bí kílò 650. Arẹ̀rẹ̀ tó kún àpótí yẹn kan náà ò ju nǹkan bí 380 lọ. Àpá tiẹ̀ wúwo ju ìrókò. Ẹni tó bá fi ìrókò kan ilé onítáyà látòkè délẹ̀, ilé gidi ló kọ́. Kó lọ wá Bedford tí yóò fà á.

Bí bàbá mi bá ń kan bọ́lẹ̀kájà, igi líle ló máa ń fi sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èrò àti àpò kòkó ń tẹ̀, igi fífúyẹ́ ló ń fi sókè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrókò fún igi tó jókòó lórí ṣáàsì àti férémù ilẹ̀kùn, arẹ̀rẹ̀ fún ìyókù. Òótọ́ ni pé arẹ̀rẹ̀ ò ní agídí lọ́dọ̀ ikán, olu náà sì máa ń tètè mú un. Ẹ fi Solignum kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má gbàgbé ojú ibi tí ayùn gé, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọnú igi jù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi pílíwúù bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn nínú rẹ̀ títí òórùn yẹn yóò fi lọ. Àwọn ọmọ mi ní mo ń rùn bí òpó iná fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan.

"Ẹ̀gbọ́n, Ìjàpá 1500 ni mo ní, ara rẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún geere. Ṣé ó lè fa ilé onítáyà kékeré?" (Oní-Fọ́síwágìn, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà)

Àbúrò, ó lè fà á. Ṣé ó lè dá a dúró, ṣé ó sì lè fà á gun òkè, ìyẹn ló kù. Ìjàpá fúnra rẹ̀ wọn nǹkan bí kílò 800. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe eré yìí ní kí ìwúwo ohun tí èèyàn ń fà má kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo mọ́tò tó ń fà á. Ṣírò rẹ̀, 680 ni yóò fún ọ. Ìyẹn ni ilé náà pẹ̀lú ìkòkò, omi, mátírẹ́ẹ̀sì àti àpò gàrí ìyàwó rẹ, kì í ṣe òfìfo rẹ̀ nìkan. Agbára ẹṣin 44 ló wà nínú 1500, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára, kò lómi. Bí o bá rọra ń lọ láti Iléṣà sí Òṣogbo ní àárọ̀, á fara dà á. Bí o bá dojú rẹ̀ kọ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ́sàn-án gangan, o máa mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìjàpá.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Bí imú ilé onítáyà bá tún tẹ ẹ̀yìn yẹn mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ mọ́tò á wá máa ṣe bíi pé kò sí táyà nídìí rẹ̀. Wá èyí tó kéré jù lọ, tó jẹ́ ti èèyàn méjì. Ìdí tí mo fi dúró ti Pijó nìyẹn: 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ń wọn nǹkan bí 1,200, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà. Mi ò bú Ìjàpá o. Òun ni mo fi kọ́ mọ́tò wíwà.

"Bàbá mi, ọmọ mi ọkùnrin ń fi jíìpù àtijọ́ fa ilé onítáyà. Ó ní bí òun bá ti ń sáré, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí lẹ́yìn òun bí oníjó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín." (Ìyá kan, Ìmọ̀, Iléṣà)

Ìyá mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan kí a tó dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin, lítà 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sí ìdí ilé náà pátápátá lẹ́yìn, kí ìyàwó mi lè ráyè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níwájú. Mo ń sá 70. Ó kọ́kọ́ mì lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé afẹ́fẹ́ tírélà tó ré wa kọjá ni. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo wo díńgí ẹ̀gbẹ́, mo rí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ilé mi nínú rẹ̀. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́! Ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn mi gan-an ló fẹ́ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orin tí ìyàwó mi ń kọ dáwọ́ dúró.

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ tẹ bíréèkì. Ọlọ́run ló ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì òjijì nírú àkókò yẹn, mọ́tò á dúró, ilé ò ní dúró, yóò ti ìdí mọ́tò sọ́tùn-ún tàbí sósì, wọ́n á sì jọ ṣubú ni. Mo kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo di ọwọ́ mọ́tò mú ṣinṣin, mi ò bá ilé náà jà, mi ò máa lé e sọ́tùn-ún sósì. Ó jó, ó jó, ó sì rẹ̀ ẹ́ nígbà tí a dé nǹkan bí 40. Mo dúró sábẹ́ igi kan. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹsẹ̀ mi tó di tèmi padà.

Ohun tó fà á ò ṣòroó yé. Ẹrù tó bá wà lẹ́yìn táyà máa ń gbé imú ilé náà sókè. Imú tí kò bá tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdí rẹ̀ á máa fì bíi ti agogo ògiri. Nígbà tí mo délé, mo lọ yá òṣùwọ̀n ọ̀rẹ́ mi tó ń ra kòkó. Mo gbé ilé náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, mo fi gígé pákó kan sáàárín òṣùwọ̀n àti ẹnu ìkọ́ iwájú, kí gíga rẹ̀ lè bá ti ìdí mọ́tò mu, mo wá gbé imú rẹ̀ lé e. Kílò 11! Ilé onítáyà tó ń wọn 700 pẹ̀lú ẹrù, ó yẹ kí imú rẹ̀ wọn ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn láti 35 dé 49. Mo gbé omi àti jẹnẹrétọ̀ wá sórí táyà gan-an, ó di 42. Kò tó àpò kòkó kan, ó sì tó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo ìdá 10 sí 15, torí ilé tiwọn gùn, mọ́tò wọn sì tóbi. Kí wọ́n máa lo tiwọn.

Nítorí náà, Ìyá, ẹ sọ fún un pé kó kó ẹrù wúwo sórí táyà, kó má kó o sẹ́yìn. Èmi kì í sá kọjá 45 mọ́ bí mo bá ń fa nǹkan. Kó sì wo bọ́ọ̀lù irin tí ẹnu ìkọ́ ń gbá mú ní ìdí jíìpù yẹn. Ti Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50, ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì méjì. Ìyàtọ̀ wọn ò tó mílímítà kan, ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ṣe fún íǹṣì méjì á máa gbọ̀n lórí 50, ó sì lè fò kúrò lórí rẹ̀ nínú kòtò. Kó fi ṣéènì de méjèèjì pọ̀ láfikún. Bó bá tún ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ kú ojúmọ́, sà. Bí mo bá ń fà á lọ síwájú, kò sí wàhálà. Bí mo bá fẹ́ fi rìn sẹ́yìn, á dúró gbagidi bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." (Awakọ̀, Ọ̀ṣú)

Bíréèkì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn. Àwọn ilé onítáyà wọ̀nyẹn kì í gba bíréèkì láti inú mọ́tò. Bí mọ́tò bá dẹwọ́, ilé á fi ìwúwo ara rẹ̀ sún síwájú, irin imú rẹ̀ á wọnú, á sì fa ọ̀pá tó ń de bíréèkì táyà méjèèjì. Bí o bá ń rìn sẹ́yìn, ìwọ lò ń ti irin yẹn wọnú, ó sì rò pé o fẹ́ dúró. Wo òkè ẹnu ìkọ́, wàá rí irin kékeré kan tí wọ́n ń yí láti dá irin imú yẹn dúró. Sọ̀ kalẹ̀, yí i, kí o tó fi jíà ẹ̀yìn sí i. Bó bá ti ṣẹ́ dànù, wẹ́dà á ṣe òmíràn fún ọ. Kó sì yí padà fúnra rẹ̀ bí o bá ti ń lọ síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní bíréèkì.

"Àwọn ẹgbẹ́ yín ń kọ́ ilé alájà, ẹ̀yin ń fa ilé kiri títì. Nǹkan òyìnbó ni, ọ̀nà tiwọn ni wọ́n sì ṣe é fún." (Olóòótọ́, Òṣogbo)

Olóòótọ́, mo gbọ́. Ní 1959, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Wally Byam, òun ló dá Airstream sílẹ̀, àwọn ilé onítáyà alumíníọ̀mù tó ń dán bí ṣíbí yẹn, kó ilé onítáyà 41 jọ ní Cape Town, wọ́n sì fà wọ́n la Áfíríkà já títí wọ́n fi dé Cairo ní 1960. Ṣé ọ̀nà Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà? Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn, bàbá mi wà ní Ìsọ̀kùn tó ń kan pákó sórí ṣáàsì tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn òṣómàáló sì ń gun orí ẹ̀ lọ ta aṣọ. Kò sẹ́ni tó pe tiwa ní nǹkan òyìnbó. Ilé alájà náà, mo ní ọ̀kan. Kò lè tẹ̀ lé mi lọ sí ìsun omi Olúmirìn.

"Bàbá, bí mo bá tẹ bíréèkì, tràfíkétọ̀ ilé onítáyà ló ń tàn. Bí mo bá tẹ tràfíkétọ̀, gbogbo iná ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú pọ̀. Ríwáyà mẹ́ta ti wò ó, ẹnì kejì tiẹ̀ ní kí n gbààwẹ̀." (Mayfair, Ilé-Ifẹ̀)

Gba ààwẹ̀ náà, kò burú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo wáyà funfun. Nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu méje ti àwọn ará Yúróòpù, ẹnu kẹta ni wáyà funfun wà, òun ni ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí iná gbogbo ń gbà padà sílé nìyẹn. Bó bá já tàbí tó bá ti dípẹtà, iná á máa wá ọ̀nà mìíràn padà: á gba inú gílóòbù ẹlòmíràn, tàbí kó gba ẹnu ìkọ́ onígíríìsì. Ohun tó fi ń dà bí iṣẹ́ àjẹ́ nìyẹn. Ha ẹnu wáyà náà mọ́, fi síkúrù dè é mọ́ ṣáàsì gan-an níbi tí kò sí ọ̀dà. Èyí tó wà ní ẹnu kìíní, aláwọ̀ òféefèé (yẹ́lò), ni tràfíkétọ̀ òsì. Ti ọ̀tún, aláwọ̀ ewé, ẹnu kẹrin. Bíréèkì, pupa, ẹnu kẹfà. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é bá ti lo àwọ̀ tó wù ú, já gbogbo rẹ̀ kí o sì fa tuntun. Má tò ó lé tẹni tó dàrú. Bí mọ́tò rẹ bá sì jẹ́ Ìjàpá àtijọ́ oní-6 volt, gílóòbù oní-12 tó wà nínú ilé yẹn á kàn máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oúnjẹ ni mo ń tà. Wọ́n fẹ́ ta ilé onítáyà kan fún mi, mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ kí n máa ta àmàlà àti ìrẹsì nínú rẹ̀. Gáàsì ni mo ń lò. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?" (Ìyá Ìbejì, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó ná owó. Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé la ti ń múná roko, ṣùgbọ́n èmi ò kọ ìṣáná o. Gáàsì ni mò ń bẹ̀rù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí bí omi, kì í gòkè jáde lójú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ilé onítáyà fi dá ihò síhìn-ín sọ́hùn-ún sí ilẹ̀ rẹ̀. Bí káfíńtà bá ń pààrọ̀ pákó ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa fẹ́ ṣe ni kó dí ihò wọ̀nyẹn, kí eku má baà wọlé. Ẹ sọ fún un kó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kó má dí i. Sílíńdà fúnra rẹ̀, ìta ni kó máa gbé, nínú àpótí iwájú, kó má wọlé rárá.

Ibi tí ẹ máa gbà gbé abọ́ fún oníbàárà, ẹ lo ojú fèrèsé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rọ kan ní Iléṣà gé ẹ̀gbẹ́ ti ẹnì kan láti fi ṣe káńtà, ó gé egungun méjì láìmọ̀, òrùlé sì tẹ̀ kí ọdún tó yí po. Àwọn ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó wà ní igun, ilé ni wọ́n ń dì mú kó má mì, wọn kì í ṣe jáàkì. Ẹ má fi wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ to bíríkì sábẹ́ ṣáàsì, kí ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ má fi ìkòkò àmàlà sínú rẹ̀. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ti jiná, ó dára, ẹ máa gbé wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ooru ìkòkò tó ń hó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, omi náà ni. Á lọ lẹ̀ mọ́ òkè páànù, á kán sílẹ̀ sẹ́yìn hádíbọ́ọ̀dù, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín rọ òjò sínú ilé tí ẹ rà. Ẹ ta tapólì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa ro àmàlà níbẹ̀.

Ti pé wọ́n máa fà á wá bá yín láti ibi tó wà: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ méjèèjì, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì kékeré kan tó rí bí ẹyin gígùn. 2218 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, kí 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é, kò sì ní dé Lágéré. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kà á fún yín lórí fóònù kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i.